Ẹjọ́ Ńlá, Ẹjọ́ Kékeré: Ta Ni Yóò Wọ̀n Ọ́n?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó iwájú onídàájọ́. Ẹni méjì lè wá bá baálé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan wá nítorí ilẹ̀ oko tó fẹ̀ láti etí odò dé ẹsẹ̀ òkè. Èkejì wá nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò sọ pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni yóò gba ọjọ́, pé ti ewúrẹ́ kò ní pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ààlà ilẹ̀ náà hàn gbangba, tí ẹlẹ́rìí méjì tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, tí ọ̀rọ̀ sì parí kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó sì lè jẹ́ pé ewúrẹ́ yẹn wà lára ẹrù ìdána tí ìdílé kan kọ̀ láti dá padà, pé ìdílé méjèèjì ti ń di ara wọn sínú láti ayé bàbá wọn, àti pé bí a kò bá dá ẹjọ́ náà dáadáa, ìgbéyàwó méjì ni yóò tú ká.

Ohun àkọ́kọ́ tí baálé tó gbọ́n ń ṣe nìyí, kí ó tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí kankan: ó ń wọn ẹjọ́. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀n yìí ló ń sọ ibi tí ẹjọ́ yóò lọ. Aáwọ̀ inú agbo ilé wà lọ́wọ́ baálé. Èyí tó bá kọjá agbo ilé di ti olóyè àdúgbò. Èyí tó bá wúwo jù lọ, bí ìpànìyàn, ni ó ń dé ààfin ọba. Ẹni tó bá ṣi ẹjọ́ wọ̀n ti ṣì í dá, nítorí ó ti gbé e fún ẹni tí kò tọ́, tàbí kí ó ti fún un ní àkókò tí kò tó.

Lóde òní, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ń fi iṣẹ́ ìwọ̀n yìí lé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ni yóò ka ìwé ìpẹ̀jọ́, òun ni yóò sọ pé èyí díjú, pé èyí rọrùn, pé èyí jọ ti àná, kí a kó wọn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ nípa rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ fẹ́ gbapò adájọ́. Ìbẹ̀rù yẹn kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sún mọ́ ni jù bẹ́ẹ̀ lọ: wíwọn ẹjọ́ kì í ṣe iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Òun gan-an ni ìdájọ́ àkọ́kọ́.

Ìdí tí ilé ẹjọ́ fi ń wọn ẹjọ́

Bí adájọ́ kan bá ní ẹjọ́ ọgọ́rùn-ún nílẹ̀, tí ẹlòmíràn náà sì ní ọgọ́rùn-ún, ènìyàn lè rò pé iṣẹ́ wọn dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ gbèsè tí olùjẹ́jọ́ kò tilẹ̀ yọjú sí lè parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹjọ́ ìpànìyàn kan lè jẹ ọdún mẹ́ta. Nítorí èyí ni àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń lo òṣùwọ̀n láti àárín ọ̀rúndún ogún. Wọ́n fún ẹjọ́ tó wà láàárín ní ìwọ̀n 1. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2003 sí 2004, ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n tí a ti dá ẹjọ́ ikú fún, tó ní kí ilé ẹjọ́ tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò, gba ìwọ̀n tó sún mọ́ 13. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tó wà nínú ẹyọ kan irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ti ẹjọ́ mẹ́tàlá. Bí àpapọ̀ ìwọ̀n ẹjọ́ tuntun tó ń kan adájọ́ kọ̀ọ̀kan bá ti kọjá 430 lọ́dún, ilé ẹjọ́ náà ní ìdí láti béèrè fún adájọ́ sí i.

Irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n irú ẹjọ́ ló ń wọ̀n, kì í wọn ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lè sọ pé ẹjọ́ ilẹ̀ wúwo ju ẹjọ́ gbèsè lọ. Kò lè sọ èyí tó díjú jù nínú ẹjọ́ ilẹ̀ méjì tó wọlé lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì, kí ó kà á. Níbi tí fáìlì bá ti pọ̀ ju ojú tó ń kà á lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti wọlé.

Ilẹ̀ Bùràsíìlì ni a ti lè rí èyí kedere. Nígbà tí ọdún 2023 fi parí, ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ láìtíì parí ní gbogbo ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè náà ju mílíọ̀nù 80 lọ. Adájọ́ 11 péré ni ìjókòó wọn wà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ìlú Brasília, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹjọ́ tó ń dé ibẹ̀ lọ́dún ju 50,000 lọ. Láti lè dín ẹrù yìí kù, wọ́n ṣe àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn ní 2004: ilé ẹjọ́ náà kò ní gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àkànṣe mọ́ àyàfi tí kókó rẹ̀ bá kan àwùjọ, tó ju ọ̀rọ̀ ẹni méjì tó ń ṣẹjọ́ lọ. Tí wọ́n bá sì ti dá irú kókó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdájọ́ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ẹjọ́ tó jọ ọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ẹjọ́ kan jọ òmíràn?

Ẹ̀rọ tí a fi orúkọ adájọ́ pè

Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Bùràsíìlì àti Yunifásítì Brasília bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ ní Victor. Wọ́n fi orúkọ náà rántí Victor Nunes Leal, tó jẹ́ adájọ́ níbẹ̀ láti 1960 sí 1969. Òun ló mú àbá wá pé kí a kó àwọn kókó òfin tí ilé ẹjọ́ ti fẹnu kò lé lórí jọ sí gbólóhùn kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí adájọ́ má baà máa jiyàn lójoojúmọ́ lórí ohun tí wọ́n ti parí. Ilé ẹjọ́ gba àbá náà ní 1963; gbólóhùn 370 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde.

Ó yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ ìyókù ìtàn ọkùnrin yìí. Kí ó tó di adájọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1940, ó ti kọ ìwé olókìkí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Coronelismo, Enxada e Voto, lórí bí àwọn alágbára ìgbèríko Bùràsíìlì ṣe ń fi ilẹ̀ àti ipò darí ìbò àwọn tálákà. Ó mọ̀ pé òfin tó wà nínú ìwé àti òfin tó ń dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ lóko kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, ìjọba ológun yọ òun àti adájọ́ méjì mìíràn kúrò nípò. Ẹni tó fẹ́ kí ẹjọ́ yá kánkán náà ni ẹni tí agbára já gbà níṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ yìí kì í ṣe orúkọ yẹpẹrẹ.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n kọ́ Victor. Ó ń sọ àwòrán ìwé di ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ó ń mọ ibi tí ìwé kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí nínú fáìlì gbọọrọ. Ó ń sọ irú ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ kókó tí ẹjọ́ náà jọ mọ́ nínú àwọn kókó tí ilé ẹjọ́ ti là sílẹ̀. Àkójọ tí àwọn olùṣèwádìí tó bá a ṣiṣẹ́ gbé jáde ní 2020 ní ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn 45,532 nínú, ìwé inú wọn jẹ́ 692,966, ojú ewé gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4.6. Àwọn aláṣẹ ilé ẹjọ́ náà sọ pé iṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá 5 ni ẹ̀rọ fi ń ṣe é.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bí ọmọ ìyá oníṣu ṣe ń mọ iṣu. Ìyá rẹ̀ kì í jókòó ka òfin sí i létí. Ọmọ náà ń wò ó bí ó ṣe ń ṣa iṣu sọ́tọ̀: èyí fún iyán, èyí fún ẹ̀lùbọ́, èyí fún gbígbìn. Nígbà tó bá yá, òun náà yóò gbé iṣu tí kò rí rí, yóò sì mọ òkìtì tó yẹ kí ó jù ú sí. Àwọn àpẹẹrẹ tí ènìyàn ti ṣà tẹ́lẹ̀ ni oúnjẹ ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọn yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ẹjọ́ fún un, wọn yóò sì sọ ohun tí akọ̀wé tàbí adájọ́ ti pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò máa wo ọ̀rọ̀ tó jẹ yọ, iye ìgbà tó jẹ yọ, àti ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn. Yóò dá àbá. Bí kò bá gbà á, yóò tún ìṣirò ara rẹ̀ ṣe, títí tí àṣìṣe rẹ̀ yóò fi kéré. Kò mọ ohun tí ọmọ òrukàn jẹ́, kò mọ ohun tí ìtìjú jẹ́. Ó mọ̀ pé nígbà tí àwọn ọ̀rọ̀ báyìí bá péjọ, òkìtì báyìí ni wọ́n ń jù wọ́n sí.

Àṣìṣe tí ọmọ jogún

Bí ìyá oníṣu bá ní àṣìṣe kan lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ yóò jogún rẹ̀. Kò sí ìwé ẹjọ́ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé òun díjú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní ìdíjú gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tó ṣeé kà dúró fún un: iye ojú ewé, iye ènìyàn tó ń ṣẹjọ́, iye ẹlẹ́rìí, iye òfin tí wọ́n tọ́ka sí, iye ọjọ́ tí ẹjọ́ náà gbà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn jọ pé ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ti iye ọjọ́ wò.

Ọlọ́rọ̀ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní agbẹjọ́rò mẹ́rin. Wọ́n ń kọ ìwé lórí ìwé, wọ́n ń pe onímọ̀ wá jẹ́rìí, ẹjọ́ ń gba ọdún mẹ́rin, fáìlì sì nípọn bí òkúta. Tálákà tí wọ́n fi irú ẹ̀sùn kan náà kàn kò ní agbẹjọ́rò. Ó dúró, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, ó ní òun jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tán, ẹjọ́ rẹ̀ sì parí ní wákàtí kan. Nínú àkọsílẹ̀, ti àkọ́kọ́ díjú, ti èkejì rọrùn. Ẹ̀rọ tó bá fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ dájú pé ẹjọ́ tálákà kì í le. Ní àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a dá lẹ́bi ọ̀ràn, ó ju 90 lọ tó jẹ́ pé ẹnu ara wọn ni wọ́n fi gbà pé àwọn jẹ̀bi, láìsí ìgbẹ́jọ́. Ẹni tó bá rò pé gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí ló rọrùn kò mọ iye ohun tó lè mú ènìyàn sọ pé òun jẹ̀bi.

Ìtàn ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìlú Ọba jẹ́rìí sí èyí. Láti 1999 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Horizon ṣe ìṣirò owó ní àwọn ẹ̀ka ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sọ pé owó dín, wọn a ní ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka náà ló jí i. Títí di 2015, ó ju 900 ènìyàn lọ tí wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n, tí aboyún kan wà lára wọn ní 2010. Àwọn mìíràn pàdánù ilé àti orúkọ rere. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe irú èyí tó ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sì wọn ẹjọ́ kankan. Àwọn ẹjọ́ yẹn ni kí a wò. Fáìlì wọn fẹ́lẹ́: ẹ̀sùn kan, ìwé ìṣirò kan tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà, àti ẹni tí kò lè ṣàlàyé ibi tí owó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fúyẹ́ kí wọ́n má baà kàgbákò èyí tó wúwo. Bí a bá fi iye ojú ewé tàbí iye ọjọ́ wọ̀n wọ́n, kò sí ẹjọ́ tó rọrùn tó wọn. Ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga tó sọ pé Horizon ní àbùkù tó lè mú kí ìṣirò yí padà. Ní 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdálẹ́bi ènìyàn 39 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin láti fagi lé ti àwọn tó kù. Ìdíjú ẹjọ́ náà kò sí nínú fáìlì rárá. Inú ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ló wà: ṣé òótọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń sọ?

Ẹjọ́ ewúrẹ́ ní Bùràsíìlì

Ẹjọ́ kan wà ní Bùràsíìlì tí ọmọ Yorùbá kò lè kà kí ó má mí kanlẹ̀. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Rio Grande do Sul, ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ṣe òfin láti dáàbò bo ẹranko lọ́wọ́ ìyà. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà bẹ̀rù pé wọn yóò fi òfin náà mú àwọn tó ń fi ewúrẹ́ àti adìyẹ rúbọ. Ní 2004, ilé aṣòfin fi ìpínrọ̀ kan kún un, pé òfin náà kò de ẹ̀sìn tó ti Áfíríkà wá. Ilé iṣẹ́ olùpẹjọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ náà gbé ìpínrọ̀ yìí lọ sí kóòtù: wọ́n ní ìpínlẹ̀ kò láṣẹ láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, àti pé ó fi ẹ̀sìn kan ṣáájú àwọn yòókù. Wọ́n pàdánù níbẹ̀, wọ́n sì pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àkànṣe sí Brasília.

Ẹ̀sìn tí a ń wí ni wọ́n ń pè ní Batuque lápá ibẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà wà lára orúkọ tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní. Ògún, Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ni wọ́n ń bọ, bí wọ́n ṣe ń bọ wọ́n nínú Candomblé ní Bahia. Ẹran tí wọ́n fi rúbọ, àwọn ará ilé òrìṣà náà ló ń jẹ ẹ́. Ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì gùn. Ní Bahia, títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó lè ṣe ọdún rẹ̀. Òfin kò sọ irú rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹjọ́ yìí ti wà nílẹ̀ kí Victor tó dé. Ẹ̀rọ kọ́ ló wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ká ní ẹ̀rọ ni, kí ni ìbá rí? Ìbá rí ìpínrọ̀ òfin kan ṣoṣo. Ìbá rí ọ̀rọ̀ bí ẹranko, ìyà, pípa, àti àṣà. Ìbá wo ẹ̀yìn, ìbá sì rí i pé ilé ẹjọ́ kan náà ti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí: ní 1997, ó fòfin de eré kan ní Santa Catarina níbi tí wọ́n ti ń lé màlúù kiri tí wọ́n ń dá a lóró, ní 2016, ó fagi lé òfin ìpínlẹ̀ Ceará tó fàyè gba eré tí ẹlẹ́ṣin fi ń fa akọ màlúù nírù ṣubú. Ọ̀rọ̀ inú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra gan-an. Ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lè jù wọ́n sí òkìtì kan náà pẹ̀lú ìdánilójú.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ewúrẹ́ yìí kì í ṣe ti ewúrẹ́. Ẹjọ́ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ni, tí wọ́n gba ilẹ̀, orúkọ àti èdè lọ́wọ́ wọn, tí òrìṣà nìkan kù sí wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2019, gbogbo àwọn adájọ́ tó jókòó lé e lórí fohùn ṣọ̀kan pé ìrúbọ àwọn ẹlẹ́sìn náà kò lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ohun tó ya ẹjọ́ yìí sọ́tọ̀ sí ti eré màlúù wà nínú ìtàn, àti nínú ẹnu àwọn tó dìde sọ ọ́ ní kóòtù. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ tó ka ìwé nìkan kò tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkankan.

Ohun tó yẹ kí a bèèrè

Èyí kò sọ pé kí a kọ ẹ̀rọ. Ẹni tó ti dúró fún ọdún mẹ́wàá de ìdájọ́ kò ní àkókò fún ìfẹ́ tí a ní sí àṣà àtijọ́. Ìdádúró náà jẹ́ ìyà. Ní Nàìjíríà, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ wọn. Bí ẹ̀rọ bá lè tọ́ka sí ẹjọ́ tó ti yẹ kí ó parí láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó ṣe dáadáa.

Àwọn aṣòfin náà kò sùn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàbójútó ilé ẹjọ́ ní Bùràsíìlì gbé ìlànà jáde ní 2020 lórí lílo irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2025. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2024 ka ẹ̀rọ tó ń bá adájọ́ ṣàwárí tàbí túmọ̀ òkodoro ọ̀rọ̀ àti òfin mọ́ èyí tí ewu rẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ya iṣẹ́ akọ̀wé lásán sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò kan ìdájọ́. Ààlà yìí gan-an ló yẹ kí a fi ojú sí. Bí ìpín bá jẹ́ ti yàrá àti ọjọ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìpín bá ń sọ pé ẹjọ́ yìí rọrùn, kí a má fi adájọ́ àgbà ṣòfò lórí rẹ̀, apá kan ìdájọ́ ti wáyé láìsí adájọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹlẹ́jọ́ lè bèèrè. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀rọ ló wọn ẹjọ́ òun àti òkìtì tó jù ú sí. Èkejì ni pé kí ó ní àyè láti sọ pé ẹjọ́ òun yàtọ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ tí Bùràsíìlì ṣe ní 2015 fàyè gba èyí: ẹni tí wọ́n so ẹjọ́ rẹ̀ mọ́ òmíràn lè wá fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹ̀kẹta ni pé kí àwọn ènìyàn máa mú lára àwọn ẹjọ́ tí ẹ̀rọ pè ní kékeré, kí wọ́n tún un kà. Gbogbo ayé ló ń yẹ ẹjọ́ ńlá wò. Inú òkìtì ẹjọ́ kékeré ni ìwà ìrẹ́jẹ ti lè pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Ilẹ̀ Yorùbá tún ní ọ̀ràn tirẹ̀ níwájú. Ní ọ̀pọ̀ kóòtù Nàìjíríà, ọwọ́ ni adájọ́ ṣì fi ń kọ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ. Ẹlẹ́rìí ń sọ Yorùbá, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń wọ ìwé. Bí bàbá àgbẹ̀ kan bá ní òun ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó ń sọ pé òun mọ ẹni tó ni ilẹ̀, pé òun ń bọ̀wọ̀ fún un, àti pé òun àti àwọn ọmọ òun lè máa dáko níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọn kò bá sẹ́ onílẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá pè é ní owó háyà, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé. Ẹ̀rọ tí yóò bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú yóò jù ú sí òkìtì àwọn tó jẹ owó ilé. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ.

Baálé ìgbà náà lè ṣi ẹjọ́ wọ̀n pẹ̀lú. Ó lè fẹ́ràn ẹnìkan, ó lè gba ẹ̀bùn, ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyàwó ilé tí wọ́n lé padà lè kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí kọ́." Ilé ẹjọ́ tó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi ẹnìkan síbẹ̀ tó lè gbọ́ gbólóhùn yẹn.